Sọ́kẹ́ẹ̀tì Tó Ń Dúró De Ọkọ̀

Ẹ wá gbọ́ o, ọ̀rọ̀ bátìrì ni ọkọ mi fi gbogbo ìpè òní sọ!

Láàárọ̀ ni Bàbá Àwáwù pè láti Àbíjàn. Wọn ò tiẹ̀ tíì béèrè ọmọ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀:

"Ṣẹ́rì, olólùfẹ́ mi, ọkọ̀ tí mo ní mo fẹ́ rà yẹn, tó ń lo iná tó tún ń lo bẹntiróòlù, wọ́n ń ṣe tuntun ẹ̀ bọ̀. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ máa lágbára sí i. Bátìrì ẹ̀ máa tóbi débi pé iná nìkan á gbé wa láti Ẹ̀jìgbò dé Ògbómọ̀ṣọ́, á sì gbé wa padà."

Mo ní, "Iléyá tí ẹ ní ẹ ń bọ̀ wálé yìí wá ńkọ́?"

"Jẹ́ kí tuntun yẹn jáde ná."

"Ẹ kúkú wọ bọ́ọ̀sì wá."

Inú bí wọn. "Kí ará Ẹ̀jìgbò rí mi pé mo ti Àbíjàn wọ bọ́ọ̀sì dé?"

Wọ́n gé ìpè.

Láti Iléyá tó kọjá ni wọ́n ti ní kí n ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì síwájú ilé de ọkọ̀ náà. Mo ṣe é. Fóònù mi ni mò ń fi í ṣáàjì, kó má baà kú nígbà tí wọ́n bá pè.

Ẹ̀yin tí ọkọ yín wà ní Àbíjàn, kí ni tiyín ṣì ń dúró dè?