Fọ́nrán Tó Di Ike Mú

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí! Bàbá kan wà tó ti fi àádọ́ta ọdún lọ́ okùn láti ara igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí okùn ọ̀rá tó gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó ṣe di ajókòó-ṣọ́lé nìyẹn.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní tirẹ̀ ń yọ́ ike àlòkù lẹ́yìnkùlé, ó ń fi ṣe pákó ìjókòó fún ilé-ìwé. Ó gé fọ́nrán ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn kó lè lágbára, síbẹ̀ pákó ń ṣẹ́.

Ọ̀gá ilé-ìwé ní, "Màdáámú, tí èyí tó ń bọ̀ bá tún ṣẹ́, ọ̀dọ̀ káfíńtà la ó padà sí o."

Iṣẹ́ ọdún méjì fẹ́ wọmi. Obìnrin náà gbé pákó tó ṣẹ́ wá síwájú bàbá, omi lójú. Bàbá fi èékánná fa fọ́nrán kan níbi tó ti ṣẹ́. Ó yọ wọ̀ọ̀! Ike kankan ò lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ìyàwó mi, kí lo fi fọ̀ ọ́?"

"Ọṣẹ ni, Bàbá. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa."

"Ọṣẹ kẹ̀! Ṣé ibi ìgbéyàwó ló ń lọ ni? Ohun tó ń yọ̀ báyìí, ta ni yóò rí i dì mú?"

Bàbá po eérú mọ́ omi, ó sẹ́ ẹ, ó rẹ fọ́nrán sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi pọ́n kẹ̀ẹ̀! Oje tó ń mú fọ́nrán yọ̀ ló ń ṣí kúrò lára rẹ̀. Ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sá a títí ó fi gbẹ táútáú, torí ọ̀rinrin a máa dá ihò sínú ike. Ó wá ká ṣòkòtò sókè, ó yí fọ́nrán náà lórí itan tí irun ò hù mọ́ nítorí okùn tó ti ń lọ́ lórí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Èyí tó ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń ha ara.

"Ó ti ń bù mí jẹ. Ó ti yá."

Ẹ gbà mí o! Ohun tí ojú ò rí, itan ènìyàn mọ̀ ọ́n!

Ìyàwó ọmọ Bàbá gé fọ́nrán náà mọ́ ike yíyọ́, ó fi ṣe pákó mìíràn. Nígbà tí pákó tuntun tutù, ọ̀gá ilé-ìwé, ọkùnrin fìrìgbọ̀n, gbé e lé búlọ́ọ̀kù méjì, ó gùn ún, ó fò sókè.

"Ẹ rọra, ọ̀gá, a ṣì nílò yín!" ni obìnrin náà ké.

Bí pákó ṣe tẹ̀ ló tún nà. Ọ̀gá pe olùkọ́ mẹ́rin kún ara rẹ̀. Pákó ò dún pínpín.

"Màdáámú," ó ń mí hẹlẹ, "ogójì ni mo fẹ́."

Ẹ má gba tẹnu mi lásán. Ẹ wá ẹni tó ń lọ́ okùn nítòsí yín, ẹ jókòó tì í, kí ẹ fojú ara yín rí i.