Ọjọ́ Tí Mo Yọ Bátìrì Aago Mi

Fèrè ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ọgbà wa ní Ilo-Awela la fi ń mọ ìgbà ní ilé ìwé wa. Bí ó bá ti dún fún oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní agogo méjìlá ọ̀sán, Ìyá Bísí, ìránṣẹ́ ilé ìwé, yóò lu agogo tiwa, ẹ̀kọ́ yóò sì parí. Mo bá àṣà yẹn níbẹ̀ ni. Kò sì já wa kulẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, Alhaja kan, alábẹ̀wò láti ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi, fọ́ọ̀mù wà lórí itan rẹ̀. Àyè olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ṣí sílẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà ni wọn yóò sì fi pinnu bóyá èmi ni wọn yóò fún. Fọ́ọ̀mù náà ní máàkì fún olùkọ́ tí kò bá kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

Ẹ̀kọ́ lórí àkókò ni. Mo fọ́ omi ọ̀rá tó ti dì gbagidi sí wẹ́wẹ́ sínú abọ́ lórí tábìlì. Mo bọ́ aago ọwọ́ mi, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo yọ bátìrì.

"Aago ti dúró. Ṣé àkókò náà dúró?"

"Rárá, sà!"

"Kí ló wá ṣe aago?"

Rafíù, tó máa ń dáhùn kí n tó béèrè tán, ní, "Ẹ ti gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó sún mọ́ ọn. Agbára ni oúnjẹ ọ̀hún. Ooru inú yàrá yìí náà jẹ́ agbára. Ó ń wọ inú omi dídì yìí, ó sì ń yọ́ ọ. Bí agbára bá ti ń lọ láti ibì kan sí ibòmíràn, nǹkan á máa yí padà. Ìyípadà yẹn la fi ń mọ̀ pé àkókò ń lọ. Aago kò dá àkókò. Ó kàn ń ka ìyípadà fún wa ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi. Mo ṣàlàyé, mo yàwòrán, mo tún ṣàlàyé. Agogo kò dún. Mo rò pé mo ń yára lónìí ni.

Rafíù nawọ́. "Ẹ má bínú, sà. Irú omi yìí tí a fi dánra wò lánàá, ìdajì rẹ̀ ṣì dì nígbà tí agogo dún. Tòní ti yọ́ tán."

Mo wo abọ́. Mo wo aago mi tó ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀. Mo sáré jáde. Ìyá Bísí jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó di agogo mú gírígírí.

"Màmá, kí ló dé?"

"Fèrè ò tíì dún, Tíṣà. Bóyá epo dísù ló tán nínú jẹnẹrétọ̀ wọn. Èmi ń dúró dè wọ́n ni."

Mo padà wọlé. "Alhaja, mo ti kọjá àkókò. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí."

"Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún lẹ fi kọjá," ni ó wí, ó ń fi etí ìborùn nu omi ẹ̀rín lójú. "Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí yóò dá yín dúró ni."

Ó yọ gbogbo máàkì àkókò lóòótọ́. Ó wá fi ohun tó kọ sí ìsàlẹ̀ hàn mí: "Olùkọ́ sọ àkókò nù, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ wá a rí. Ẹ fún un ní ipò náà."

Ipò yẹn ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo máàkì tí mo gbà láyé mi, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó èyí tí mo pàdánù lọ́jọ́ náà.