Ọmọ Tó Sọ̀rọ̀ Lórí Ìkúnlẹ̀

Bàtà òjò àti àdá ni mò ń tà ní Odode Ìdànrè, àwọn alágbàṣe oko kòkó ló sì ń rà á lọ́wọ́ mi. Mo kàwé dé Pámárì Fọ́ọ̀. Èyí tó kù, ẹnu ni mo fi kà á.

Ẹnu yìí náà ló gbé mi dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì bí wọ́n ṣe lè máa gbẹnu sọ fún ẹni tí wọ́n ń lù nínú ilé. Ọmọbìnrin kan láti Àkúrẹ́ ló wá ń kọ́ wọn. Ó yà ní ṣọ́ọ̀bù mi láti béèrè ọ̀nà, ó bá mi níbi tí mo ti ń dá oníbàárà kan lóhùn tó ń ná bàtà mi ní ìnákúnàá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹsẹ̀ kan lẹ fẹ́ rà ni?" Ọmọ Àkúrẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ̀mí, irú ẹnu yín yìí gan-an ni mò ń wá." Mo kọ́kọ́ rò pé èébú ni.

Ohun tó ń wá ni ẹni tó máa ṣe bí àgbà ẹbí tó le, kí àwọn ọmọ náà lè fi mí kọ́ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ti ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí mò ń lọ jókòó sínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú fìlà ọkùnrin lórí. Màá na ẹsẹ̀ síwájú bí baálé, màá ní, "Ta ló pè ọ́? Ọ̀rọ̀ tọkọtaya, kí ló kan ọmọ tí kò tíì mọ imú ara rẹ̀ nù?" Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi gbá bẹ́ńṣì ṣubú.

Ọmọbìnrin kan ni kì í rẹ́rìn-ín. Aládúrà ni wọ́n nílé wọn. Yóò wò mí lójú, yóò ní, "Bàbá, obìnrin yìí ló ní kí n bá òun sọ ohun tí òun fẹ́." Àǹtí ará Àkúrẹ́ ti kọ́ wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ bi ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ léèrè ohun tó fẹ́, kí wọ́n má fi tiwọn kún un, kí wọ́n má sì dá nìkan lọ. Ọmọ yìí gbọ́ ọ já.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó yà kí mi nígbà tó ń bọ̀ láti ilé ìwé. Ó bá obìnrin kan níwájú mi, ìyàwó alágbàṣe kan tó ń dá oko kòkó fún olóko ní ọ̀nà Aládé. Wọn kì í ṣe ará ibí, ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá. Ó pọn ọmọ. Apá rẹ̀ wú bí iṣu, ó sì wé gèlè bo ojú kan. Ó ní orí àpáta ni òun ti ṣubú.

Mo ní, "Òkè Ìdànrè ti wà látayébáyé, kò lu obìnrin rí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló di ẹkún.

Ọmọ náà bi í bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: "Kí lẹ fẹ́ ká bá yín sọ, mà?"

Obìnrin náà ní òun ò fẹ́ kí wọ́n ti ọkọ òun mọ́lé. Òun kàn fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyá òun, pẹ̀lú ọmọ ẹ̀yìn òun. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó wá láti ìlú ọkọ òun, tí wọ́n ń gbé ní Aládé, ti ní tó bá fẹ́ lọ, kó lọ, ọmọ ò ní bá a lọ. A pe Àǹtí lórí fóònù. Ó ní òun á gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ ní Àkúrẹ́, àmọ́ yóò pẹ́ díẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀mí mi lè má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

Ni èmi àti ọmọ náà bá gba Aládé lọ ní ọjọ́ Ìsinmi. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ló ti wá, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Àwọn àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórí wọn. Ọkọ wà níbẹ̀, ó wẹ̀, ó para, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ìyàwó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wọn. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Ọ̀kan ń tayín, òmíràn ń bi í pé ọmọ ta ni. Ọmọ tó sì lẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú wa kì í dìde tí àgbà ò bá tíì ní kó dìde. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ó sọ ọ́ o! Kò kólòlò. Ó sọ ti apá, ó sọ ti ojú, ó sọ pé ìyá àti ọmọ fẹ́ lọ sílé. Orí mi wú. Mo ti ń rò ó pé ọkọ̀ wo ni wọ́n máa wọ̀.

Olórí wọn mí kanlẹ̀. "Ọmọ dáadáa. Ẹ wo bó ṣe kúnlẹ̀ tó ń bẹ̀ wá." Ó yíjú sí ọkọ. "Ṣé o gbọ́? Ọmọ ọlọ́mọ ti bá ìyàwó rẹ bẹ̀bẹ̀."

"Mo gbọ́, bàbá. Nítorí ọmọ yìí, mo ti forí jì í."

"Bàbá, n kò bẹ̀bẹ̀ o, ó ní òun fẹ́—"

"Ó ti tó, ọmọ mi. Wọ́n ti gbà. Dìde."

Mo la ẹnu mi. "Ta ló ń bẹ̀ yín? Ẹni tí wọ́n lù lápá ló tún ń tọrọ àforíjì?"

Ṣe ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ náà rẹ́rìn-ín. Olórí wọn nu omijé ẹ̀rín. "Ìyá Oníbàtà! Ẹ ò ní pa wá. Ẹ kú ìdúró tì wá o." Gbogbo ọ̀nà Aládé ló mọ̀ pé aláwàdà ni mí. Mo bú wọn títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá ní kí obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá a bẹ̀bẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ ṣeun." Ọkọ rẹ̀ sì gbé wọn sórí ọ̀kadà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ náà ròyìn fún Àǹtí. Àǹtí ní, "Ó yẹ kó o ti dìde kó o tó sọ̀rọ̀."

"Àǹtí, tí mo bá dìde, wọ́n á ní n kò lẹ́kọ̀ọ́. Ta ló máa wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́?"

Àǹtí wo ilẹ̀. Ọmọ náà kò wá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí Àkúrẹ́ fi máa dá wa lóhùn, fóònù obìnrin náà ò lọ mọ́. Alágbàṣe kan tó wá ra àdá lọ́wọ́ mi ló sọ fún mi pé ọkọ rẹ̀ ti kó wọn lọ sí oko inú, níbi tí ọ̀kadà ò dé.

Mo ní, "Obìnrin náà ńkọ́?"

Ó ní, "Àlàáfíà ni, Mọ̀mí. Kì í kàn sọ̀rọ̀ mọ́ ni."