Fọ́tò Ìsẹ́yìn Tí Sherifdeen Ń Tún Ṣe

Bí ẹ bá dé yàrá tí Sherifdeen háyà lẹ́yìn Àgọ́ Palace, ní Okota, ìdí kọ̀ǹpútà lẹ ó ti bá a. Ètò kọ̀ǹpútà ló ń kọ fún àwọn kẹ́mísìtì àti ilé ìwé. Ó mọ iṣẹ́ ọ̀hún dunjú, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni pé kì í gbé iṣẹ́ sílẹ̀ àfi tó bá pé pérépéré. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa pè é ní Alhaji Ó-ku-díẹ̀.

Ìyá rẹ̀, Ìsíátù, tó ń ta òwú àti síìpù fún àwọn télọ̀ ní Ṣógúnlé, ní fọ́tò ńlá kan tí wọ́n yà ní Ìsẹ́yìn nígbà tó wà lọ́mọge. Gbogbo agbo ilé wọn ló wà níbẹ̀, àgbà lórí ìjókòó, ọmọdé nílẹ̀. Ìsíátù nìkan ló kù láyé tó mọ orúkọ gbogbo wọn. Nimotallahi, ẹ̀gbọ́n Sherifdeen, ló ní kó gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kó kọ orúkọ kálukú sí i, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ wọ́n.

Sherifdeen ṣe àpótí orúkọ kéékèèké sórí kọ̀ǹpútà, ó ní kí ẹ̀yìn wọn máa fi ohun tó wà lábẹ́ wọn hàn. Ó dán an wò nílé láìsí fọ́tò, ó dára. Àfìgbà tó dé Ṣógúnlé, tó ya fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà, tó kó àwọn àpótí lé e lórí, tí wọ́n di aláwọ̀ eérú, tí wọ́n bo gbogbo ojú pátá.

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣẹ̀rífù, o mà ti bò wọ́n lójú! Kò burú, mo mọ̀ wọ́n. Ẹni tó wọ bàtà yìí, Ọláyanjú ni, àbúrò bàbá mi. Eléyìí tó ká ẹsẹ̀ kò, Àjíbíkẹ́ ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Kọ ọ́ síbẹ̀."

"Mọ́mì, ẹ dúró ná, kò tíì ready. Ẹ jẹ́ kí n lọ tún un ṣe."

"Ṣé orúkọ ò lè wọ inú ẹ̀ bó ṣe wà yìí ni?"

"Ó lè wọ̀ ọ́, ma, àmọ́ kò ní í dùn-ún wò."

Ó pa kọ̀ǹpútà dé.

Iṣẹ́ náà le lóòótọ́. Àpótí orí kọ̀ǹpútà kì í mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ńṣe ló máa ń bi ojú ewé tó gbé e dání léèrè ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á wá kun ìyẹn sára. Aláwọ̀ eérú ni ojú ewé tí Sherifdeen lò, kò sì sẹ́ni tó bi fọ́tò ní nǹkan kan. Ló bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ bí àpótí yóò ṣe máa mú ibi tó bò lára fọ́tò, tí yóò kùn ún sẹ́yìn ara rẹ̀ kí orúkọ tó hàn. Ó ṣe é, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ó wo ìyẹn sàn, etí lẹ́tà tún rí págunpàgun.

"Mọ́mì ń bèèrè ẹ o," Nimotallahi pè é lórí fóònù. "O ò ṣe kàn kọ orúkọ wọn sílẹ̀?"

"Àǹtí mi, ó ku díẹ̀."

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Bébà àti bírò ìbá ti ṣe é!

Nígbà òjò, àrùn rọpárọsẹ̀ gbé Ìsíátù ṣánlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó yè é, ó sì tún ń sọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti lọ nínú iyè rẹ̀.

Sherifdeen gbé kọ̀ǹpútà wá. Iṣẹ́ náà ti pé wàyí, gbogbo ojú ló hàn kedere. Ó kọ Ọláyanjú, ó kọ Àjíbíkẹ́, torí ìwọ̀nyẹn ló ti gbọ́. Ó wá bèèrè àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ ń wò wọ́n, ó ń mi orí. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ó ká Sherifdeen lára débi pé kò lè gbé ojú sókè.

Ìyá náà fi ìka kan ọmọge kan tó ń rẹ́rìn-ín létí fọ́tò. "Ta lọmọ yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Mọ́mì."

"Èmi kọ́. Àmọ́ ó rẹwà o. Tètè kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀, kó o má baà gbàgbé."