Ìkíni Ló Ń Pa Ayùn Bàbá Mi

Kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó tú mi fó: èmi náà wà nínú àwọn tó gbìmọ̀ láti lé ayùn bàbá mi kúrò nílé. Orí ẹja ni wọ́n fi rà mí. Orí ẹja tútù láti etí odò ni, Màmá fi ata rodo sè é, wọ́n gbé e síwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọn ò sì sọ ohunkóhun títí mo fi lá ọwọ́ mi tán. Ẹni tó bá mọ màmá mi á ti mọ̀ pé ẹja yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ayùn tí mò ń wí yìí kì í ṣe ayùn káfíńtà o. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ni, irú èyí tí wọ́n fi ń gé igi ńlá nínú igbó, tó máa ń bú ramúramù. Ó dàgbà jù mí lọ, èmi náà sì ti lé lógójì ọdún. Òun ni bàbá mi lò fún ìjọba nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ igbó, tí wọ́n ń gé igi tó bá wó dí ọ̀nà láti Kàbà títí dé Ìsánlú. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ní ayùn náà ò wúlò mọ́, Bàbá tọrọ rẹ̀. Ọdún tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni wọ́n gbé e wọlé, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e mọ́yà bí ọmọ ìkókó. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí débi pé Bàbá nìkan ló ṣì ń pè é ní ayùn pupa.

Kí ló wá dé tí Màmá fi ń bá irin jà? Ibi tó ń sùn ni. Bàbá ò gbà kó sùn síta, wọ́n ní òjò á bà á jẹ́, olè á sì gbé e. Inú yàrá tí Màmá ń kó oúnjẹ sí ni wọ́n ń gbé e sí, láàárín àpò gààrí àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa. Ayùn náà sì ń jo. Ó ń jo pẹtiróòlù díẹ̀díẹ̀ bí arúgbó tí kò lè di ìtọ̀ mọ́. Lọ́dún tó kọjá, àwọn àna àbúrò mi wá kí wa láti Ìdàh, a sì po gààrí fún wọn pẹ̀lú ẹ̀pà. Ìyá àna mu ṣíbí kan, wọ́n wo abọ́, wọ́n wo Bàbá, wọ́n ní gààrí yìí lè gbé ọkọ̀ dé Àbújá. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, àfi Màmá. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n búra pé ilé kan ò ní gba àwọn àti irin náà.

Àǹfààní dé nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún yìí. Ọ̀sán Sátidé ni. Ìjì kan ti ẹ̀yìn Òkè Pàtí wá, ó ká páànù ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan, ó sì wó igi dóńgóyárò iwájú ilé wa ní Felele, nílùú Lọ́kọ́ja. Igi náà sùn gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí gbogbo àdúgbò ń gbà lọ sí títì. A dúpẹ́, kò pa ẹnikẹ́ni.

Màmá fẹ́ igi ìdáná náà, torí látìgbà tí gáàsì ti gbówó lórí ni wọ́n ti padà sídìí ààrò ẹ̀yìn ilé. Wọ́n ní kí a pe àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ayùn tuntun. Bàbá béèrè pé ṣé òun àti ayùn òun ti kú ni. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ Sátidé fi ṣú, wọ́n tún fà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n sì fà á bọ̀.

“Bàbá wọn, ó ti dáa,” Màmá ní. “Ẹ gé e. Bí ẹ bá gé e tán kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú, n ò ní dárúkọ irin yẹn mọ́ títí n óò fi kú. Bí ẹ ò bá gé e tán, ọkùnrin tó ń fi ọmọlanke ra irin àlòkù ń bọ̀ láàárọ̀ Ẹtì. Òun ló ni ín.”

“Ìyá wọn,” Bàbá ní, “lọ tọ́jú ibi tí o máa to igi sí.”

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ayùn náà ní àìsàn kan. Bó bá tutù, kò ní wàhálà: Bàbá á fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sinmi, wọ́n á bú u díẹ̀, wọ́n á tún fà á lẹ́ẹ̀kan, á sì dáhùn. Àmọ́ bó bá ti gbóná tí o pa á, ó parí nìyẹn. O lè fa okùn náà títí apá rẹ á fi fẹ́ yọ, kò ní dá ọ lóhùn, àfi ìgbà tó bá tutù débi tí o lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Bí o bá sì ní kó máa rọra kùn kí o lè sinmi, á wúkọ́, á kú fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bó bá ti jí, kí o máa gégi lọ títí epo inú rẹ̀ á fi tán ni.

Bàbá náà ní àìsàn tiwọn. Ìkíni ni. Àwa tí wọ́n ń pè ní Okun, ìkíni wa ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ, ẹ wá wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ wá lára tó. Ẹni tó bá kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kí i, ẹni tí wọ́n kí sì gbọ́dọ̀ dáhùn, kó béèrè ilé, kó béèrè ọmọ, kó béèrè àwọn tó wà ní abúlé. Bàbá ò sì lè fi ariwo ẹ́ńjìnnì dá ọmọ èèyàn lóhùn. Mo sọ nígbà kan pé kí wọ́n kàn máa mi orí. Wọ́n wò mí bíi pé mo bú bàbá wọn.

“Aláǹgbá ló ń mi orí,” wọ́n ní.

Màmá mọ àìsàn méjèèjì dunjú. Nígbà tí mo lá ọwọ́ mi tán láàárọ̀ Ajé, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìwọ tí o gba lííìfù lẹ́nu iṣẹ́, tí o ò ṣe nǹkan kan. Ṣáà máa sọ fún àwọn èèyàn pé bàbá rẹ ń ṣiṣẹ́ agbára níwájú ilé, kí wọ́n yà kí wọn. Ìkíni ò pa èèyàn.”

Lóòótọ́ ni, èèyàn kọ́ ló ń pa. Mo gbé fóònù, mo kọ ọ́ sórí wásáàpù ìjọ: “Bàbá wa ń gégi o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kí wọn kú iṣẹ́.” Mo fi àwòrán ọwọ́ méjì tó ń gbàdúrà kún un. Ojú mi ò tì mí rárá.

Ẹ̀ka kejì ni Bàbá ń gé lọ́wọ́ nígbà tí alàgbà kan nínú ìjọ wa, ará Yàgbà tó ti fẹ̀yìn tì, yọ. “Okun o!” Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n béèrè ìyàwó, wọ́n béèrè ọmọ tó wà ní Kàdúná, wọ́n béèrè ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, wọ́n béèrè òjò. Nígbà tí alàgbà fi máa lọ, ayùn ti kú fin-ín-fin-ín. Bàbá jókòó tì í fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n jí i. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ obìnrin dé. “Okun iṣẹ́ o, Bàbá!” Àwọn obìnrin mẹ́fà ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, wọn ò sì wá pa pọ̀. Màmá ti pín wọn sí àárọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ bí oògùn ibà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá àgbà kan tó ń ta aṣọ, ará Ìlọrin tí wọ́n bí sí Lọ́kọ́ja àtijọ́, sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ wá kí Bàbá. Èmi kọ́ ni mo rán wọn níṣẹ́, ìròyìn ló gbé wọn wá. Wọ́n kí Bàbá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àdúrà àwọn ará Ìlọrin kì í kúrú. Bàbá ń ṣe àmín pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, mo sì wà lẹ́yìn ògiri, mo ń fi gèlè di ẹnu mi kí ẹ̀rín mi má bàa jáde. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀ka nìkan ni wọ́n ti gé. Ìtì igi gan-an ṣì sùn síbẹ̀ bí erinmi.

Mo gbé omi lọ fún Bàbá. Wọ́n jókòó sórí igi, wọ́n ń dúró kí ayùn tutù. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí ayùn yìí máa lọ. A máa ra tuntun fún yín.”

Wọn ò bínú. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ayùn, wọ́n yára gbé e kúrò torí ó ṣì gbóná. “Àwa mẹ́rin la jọ ń lò ó,” wọ́n ní. “Ọ̀kan kú sí Mọ́pà. Ọ̀kan kú sí Ìyàrà. Ẹ̀kẹta lọ lẹ́ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, ìwọ lo wakọ̀ gbé mi lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Èmi àti èyí ló kù.”

Mo rántí orí ẹja tí mo jẹ. Inú mi bàjẹ́ sí ara mi gan-an, mi ò sì lè wo ojú wọn. Mo ní, “Bàbá, láti ọ̀la, ẹ má pa á mọ́. Èmi ni n óò máa dá wọn lóhùn.”

Wọ́n rò ó. Wọ́n ní nílé, bí bàbá bá ń jẹun, ọmọ lè bá a gba ìkíni ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní ó bá àṣà mu, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ fún àgbà, n ò sì gbọdọ̀ gé ìkíni kúrú.

Bí mo ṣe di adáhùn nìyẹn. Lọ́jọ́rùú, mo dúró sí kọ́nà kí èèyàn tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá, mo ń pàdé wọn. “Bàbá ní ẹ ṣeun o! Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?” Àwọn Nupe tó ń gbé ẹja kọjá kí Bàbá, mo dáhùn. Àwọn Hausa ní “Sannu da aiki!”, mo ní “Yauwa!” Ọlọ́kadà kan tó gbé èrò Ọ̀bájánà rọra rìn, mo ti kúnlẹ̀ kí n tó rí i pé ọmọ kékeré ni. Lẹ́yìn mi, ayùn ń bú lọ, kò dákẹ́ àfi bí epo bá tán, ìtì igi sì ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Màmá pè mí láti ojú fèrèsé. “Ẹja mi ńkọ́?”

“Mo ti jẹ ẹ́, Màmá.”

Wọ́n pòṣé. Wọ́n dúró lójú fèrèsé yẹn pẹ́, wọ́n ń wo Bàbá. “Gbogbo ayé ni ọkọ mi ń pa á fún tẹ́lẹ̀,” wọ́n ní, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀.

Nígbà tó fi di aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìtì kan ṣoṣo ló kù, èyí tó sanra jù, nítòsí gbòǹgbò. Ayùn ti wọ ìdajì rẹ̀. Mo ti ń jó díẹ̀díẹ̀ ní kọ́nà mi nígbà tí géètì ṣí. Màmá ló jáde. Wọ́n ró ìró tuntun, wọ́n gbé omi tútù sórí àwo. Mo sáré pàdé wọn, mo kúnlẹ̀: “Màmá, Bàbá ní ẹ ṣeun o!” Wọn ò tilẹ̀ wò mí. Wọ́n lọ bá Bàbá, Màmá tí orúnkún ti ń dùn láti ọdún mélòó kan, wọ́n kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì sínú lẹ́búlẹ́bú igi.

“Okun o, ọkọ mi. Okun iṣẹ́.”

Ariwo ẹ́ńjìnnì gbé ohùn wọn mì, àmọ́ Bàbá rí ẹnu wọn. Wọ́n wo Màmá. Wọ́n wo ìdajì tó kù. Wọ́n wo oòrùn. Mo ń ké láti ẹ̀yìn pé, “Bàbá, mo ti dáhùn! Mo ti bá yín dáhùn!” Wọ́n ju ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́.

Wọ́n pa á.

Wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, wọ́n fa Màmá dìde. Wọ́n béèrè orúnkún, wọ́n béèrè bí wọ́n ṣe sùn, wọ́n béèrè àwa ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan bíi pé ọ̀nà jíjìn ni Màmá ti wá. Ilẹ̀ ṣú kí ayùn tó tutù. Bàbá ò tilẹ̀ fa okùn rẹ̀ mọ́. Wọ́n bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì ara wọn, wọ́n fi nu ayùn náà mọ́ tónítóní, wọ́n gbé e sí ẹnu géètì, wọ́n sì lọ wẹ̀.

Láàárọ̀ Ẹtì, ọmọlanke dé. Màmá ti dé ẹnu géètì ṣáájú mi. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti gbé ayùn.

“Fi í sílẹ̀,” Màmá ní.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n wá gbé irin.”

“Irin wà. Gbé sítóòfù gáàsì ẹ̀yìn yẹn. N ò lò ó mọ́.”

Wọ́n ní kí n gbé ayùn padà síbi tó ń sùn. Àpò gààrí ni Màmá kó kúrò níbẹ̀, yàrá Bàbá àti Màmá ni gààrí wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ní apá ọ̀dọ̀ Bàbá. Ìtì tó kẹ́yìn ṣì wà níwájú ilé, pẹ̀lú ojú ibi tí ayùn gé dé láàárín rẹ̀. Bàbá ní àga ni. Àwọn méjèèjì ló ń jókòó sí i nírọ̀lẹ́, wọ́n ń dáhùn ìkíni.

Ìgbà tí lííìfù mi ku ọjọ́ kan ni mo tó bi Màmá léèrè ní ìdí ààrò. Mo ní, “Ẹ mọ̀ pé Bàbá máa pa ayùn bí ẹ bá kí wọn, àbí?”

Wọ́n ti igi dóńgóyárò kan wọnú iná. “N ò mọ̀,” wọ́n ní. “Ohun tí mo lọ wò nìyẹn.”