Ilẹ̀ Rírọ̀ Ẹ̀gbẹ́ Kànga

Àlájì Mùnírù kò kí mi kó tó bẹ̀rẹ̀ èébú lórí fóònù.

"Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ," ló wí. "Gbogbo agboolé ló ń yàgbẹ́ gbuuru nítorí kànga tí o gbẹ́. Ọmọ-ọmọ mi wà ní lópítáàlì. Màá jẹ́ kí gbogbo Àjàṣẹ́ mọ̀ pé ayédèrú ni iṣẹ́ rẹ."

Mo ti ń gbẹ́ kànga láti ìgbà tí mi ò tíì ní irùngbọ̀n, kò sì sẹ́ni tó pe iṣẹ́ mi ní ayédèrú rí. Inú bí mi débi pé bàtà òsì ni mo kì bọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kí n tó gun alùpùpù lọ sí ilé rẹ̀ ní Houinmè. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ṣì ń bí mi nínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é, kẹ́ ẹ lè dá ẹjọ́ náà fúnra yín. Ilẹ̀ pupa la ní níbí. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú un, ó máa ń le bí òkúta. Irin ìwalẹ̀ la fi ń gún un títí apá yóò fi máa gbọ̀n. Tí a bá kan omi, a ó to òrùka símẹ́ǹtì ńláńlá, tí à ń pè ní búùsì, lé ara wọn láti ìsàlẹ̀ dókè. Àwọn ti ìsàlẹ̀ la ń dá ihò sí lára kí omi lè wọlé. Àwọn ti òkè, a ó fi símẹ́ǹtì dí oríkèé wọn pinpin, a ó sì da pèpéle yí ẹnu kànga ká kí ìdọ̀tí má baà ráyè wọnú rẹ̀.

Ọ̀gá mi, Bàbá Sùúfù, kì í fi ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ṣeré rárá. Ó ní ẹnu ni kànga, ohun tí o bá gbé sí ẹ̀bá ẹnu, ọjọ́ kan lo máa gbé e mì. Nígbà kan, oníbàárà kan ní ká gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá òun kí ìyàwó òun má baà máa rìn jìnnà. Bàbá Sùúfù kó irin rẹ̀ nílẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, ilẹ̀ mi nìyí o." Bàbá dá a lóhùn pé, "Ìfun rẹ náà ni. Máa gbẹ́ ẹ fúnra rẹ." Bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹsẹ̀ rìn padà sílé ní Dowa láìjẹun.

Láti ojú ọ̀nà ni mo ti ń gbóòórùn àgbò Àlájì. Àgbò Iléyá ló ń sìn tà, okùn pupa sì máa ń wà lọ́rùn gbogbo wọn kí ará ọjà lè mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Nígbà tí mo gbẹ́ kànga náà, ìpẹ̀kun ilẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún ni agbo wọn wà. Ó ti wá kó wọn wá sídìí kànga, kí fífún wọn lómi lè rọrùn. Ìgbẹ́ wọn ti di òkìtì níbẹ̀. Pèpéle mi ti fọ́ lápá kan, kò sì fọ́ fúnra rẹ̀. Ojú ọkọ́ ṣì hàn lára rẹ̀.

Mo bá obìnrin kan níbẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ omi wò, tí ilé ìwòsàn rán wá. Màdáàmù ni wọ́n ń pè é. Ó ti bu omi kànga náà lọ yẹ̀ wò ṣáájú.

"Kòkòrò inú ìfun ẹran ló wà níbẹ̀," ó sọ fún Àlájì, "irú èyí tó ń mú kí ẹran máa yàgbẹ́ títí á fi kú."

Àlájì bu omi sínú ife, ó gbé e sókè sí oòrùn. "Omi tó mọ́ gaara báyìí? Níbo ni kòkòrò wà níbẹ̀? Búùsì ọkùnrin yìí ló là."

Mo so okùn mọ́ ìbàdí, mo sọ̀ kalẹ̀. Búùsì kankan kò là. Ṣùgbọ́n ní oríkèé àkọ́kọ́ lókè, níbi tí pèpéle ti fọ́ gan-an, ọkọ́ ẹnì kan ti họ símẹ́ǹtì mi kúrò, omi dúdú sì ń sun wọlé níbẹ̀. Òórùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n jọ̀wọ́ okùn. Nígbà tí mo gòkè, mo sọ ohun tí mo rí.

Màdáàmù mi orí. "Òjò ló ń gbé e," ó ní. "Tí ilẹ̀ bá ki, tó sì jìn sí kànga, ilẹ̀ á sẹ́ púpọ̀ nínú kòkòrò náà, wọ́n á kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti hú, omi á gbé wọn gba inú ihò àti ojú ibi tí gbòǹgbò ti rà, wọ́n á dé inú kànga láàyè. Ojú ò lè rí wọn, omi á sì máa dán."

"Ọdún ti dé tán," Àlájì wí. "Àgbò mi ò ní kúrò níbí. Ẹ da oògùn sómi, kí àwọn obìnrin máa pọn ọ́n."

Ni mo bá gbé ìdérí lé kànga, mo jókòó lé e.

"Dìde níbẹ̀," ó ní.

"Mi ò dìde. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ, èmi ni mo sì dé e."

Orí ọ̀rọ̀ yìí la wà tí Hájà Ṣẹ̀fíyá, ìyàwó Àlájì, fi ti ilé ìwòsàn dé. Kúbúrá, ọmọ-ọmọ wọn, ló ń tọ́jú níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Bàbá Múdà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ó wí fún mi. "Ẹ̀kọ ọmọ ni mo fẹ́ fi omi pò."

"Hájà, ohun tó gbé e lọ sí lópítáàlì náà lẹ fẹ́ tún fún un."

Mo na ọwọ́ sí ibi tí pèpéle ti fọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ wú, wọ́n sì ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Hájà bèèrè ẹni tó gbẹ́ ibẹ̀. Àlájì bẹ̀rẹ̀ sí í tún fìlà rẹ̀ dé. Hájà kò bèèrè mọ́. Ó mú ọkọ́ tó wà lára ògiri, ó sì ń wú ilẹ̀ náà. Kò pẹ́ tí okùn pupa fi yọ lọ́rùn òkú àgbò, òórùn sì gba gbogbo agboolé.

"Ẹ dáwọ́ dúró, Hájà," Màdáàmù wí. "Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Wọ́n kú fúnra wọn ni," Àlájì wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ọ̀gbẹlẹ̀ ni nígbà náà, gbogbo ilẹ̀ le. Ibi tí ẹ̀yin obìnrin ń da omi sí yìí nìkan ló rọ̀. Ẹlòmíràn ì bá dúńbú wọn kí wọ́n tó kú tán, kó tà wọ́n. Èmi bẹ̀rù Ọlọ́run. Mi ò tà wọ́n, mo sin wọ́n."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló sì bí mi nínú jù. Hájà ló dá a lóhùn.

"Ẹ kọ̀, ẹ ò tà á fún ará ìta kí wọ́n jẹ ẹ́," ó ní. "Ẹ wá fi fún Kúbúrá mu."

Àwọn dókítà ẹran wá pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, wọ́n hú òkú ẹran, wọ́n sun wọ́n. A dí kànga náà pa. Iléyá kọjá, Àlájì kò ta àgbò kankan. Kúbúrá padà wálé, ó rù, ó ń fa ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà wálé. Ní tèmi, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Ẹni tó rí fóònù fi bà mí lórúkọ jẹ́ kò rí fóònù tí yóò fi tún un ṣe.

Nígbà tí òjò dá, Àlájì ránṣẹ́ pè mí pé kí n gbẹ́ kànga tuntun. Mo lọ.

"Kí n tó gbẹ́ ohunkóhun," mo wí, "ẹ fi ibi tí ẹ óò máa sin ẹran hàn mí."

A rìn dé ìpẹ̀kun ilẹ̀ rẹ̀, níbi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ibi tí kànga tuntun máa wà. Ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀. "Ibí le jù," ó ní.

"Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn." Mo na irin ìwalẹ̀ sí i. "Ẹ gbẹ́ ẹ."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ṣépè fún un. Ó wo ilé. Hájà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lé àyà. Ni Àlájì bá ká apá jàlàbíà rẹ̀ sókè. Irin náà ta padà lórí ilẹ̀ pupa, ó tún gbé e. Mo jókòó lórí búùsì tuntun, mi ò ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ihò náà mù ún dé ìbàdí, mo dìde, mo lọ bẹ̀rẹ̀ kànga.