Ẹ̀kọ́ Tí Àwọn Ìyá Wá Jókòó Gbọ́

Nígbà tí mo wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkọ̀yà, èékánná, eyín àti irun ni gbogbo ẹ̀kọ́ ìlera wa. Àwòrán ènìyàn kan wà lára ògiri tó fi ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti ìfun hàn. Láti ìsàlẹ̀ ìdodo dé orúnkún, wọn kò ya nǹkan kan síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí.

Nígbà tí mo rí nǹkan oṣù mi àkọ́kọ́, mo rò pé igi àgbálùmọ̀ tí mo gùn ló ṣe mí léṣe. Ìyá mi fún mi ní àkísà, ó ní, "O ti di obìnrin. Bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ọ́, wàá lóyún." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún oṣù mélòó kan, bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá na àwo oúnjẹ sí mi, màá ní kó gbé e sílẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni ni mo ti wá gbọ́ òtítọ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún tí ogun abẹ́lé parí, wọ́n gbé mi lọ sí Igbodigo láti máa kọ́ kíláàsì kẹfà. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó mọ ìṣirò dáadáa, ṣùgbọ́n tó máa ń pa ilé-ìwé jẹ fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún lóṣooṣù. Lọ́jọ́ kan mo pè é wá sójú pátákó, kò dìde. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ń kọjá lọ wọlé pẹ̀lú pàṣán. Ìgbà náà ni mo rí ojú ọmọ náà, ó sì yé mi pé nǹkan oṣù rẹ̀ ló dé.

Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bójú tó o."

Mo ní kí àwọn yòókù lọ sí pápá, mo tú gèlè orí mi, mo ró o mọ́ ọn nídìí, a sì jọ lọ sílé wọn.

Ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹyìn lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó gbọ́ tẹnu mi, ó ní, "Àwa Aládùúrà, bí obìnrin bá wà nínú èyí, kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-ìwé."

"Kí lẹ ti sọ fún un nípa rẹ̀, Ìyá?"

Ó ní, "Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà ni."

Mo ní mo fẹ́ kọ́ ọmọ náà àti àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ nípa rẹ̀.

"Ẹ má lọ kọ́ wọn ní ìṣekúṣe o, Tíṣà."

Mo ní kó wá jókòó tì wá.

Òun àti ìyá mẹ́ta mìíràn ló wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀gá ilé-ìwé kó àwọn ọmọkùnrin lọ ro oko. Ó ní "Ìmọ́tótó" nìkan ni kí n kọ sínú ìwé iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún ẹnu mi, n kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ní èdè Ìkálẹ̀ wa kí ojú má tì mí. Nígbà tí mo dé ibi tí oyún ti ń wá, pátákó ni mo kọjú sí. Mo ní, "Ìfọwọ́kàn lásán kì í fún ni lóyún. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá bá ara wọn sùn ni." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Àgbà nínú àwọn ìyá náà ló kọ́kọ́ nawọ́. "Tíṣà, tèmi ti dúró láti èṣí, ooru sì ń mú mi ṣáá. Ṣé àrùn ni?"

N kò mọ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì kan ní Òkìtìpupa ló là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ náà kò pa ilé-ìwé jẹ mọ́ títí ó fi jáde. Ní ti ìyá àgbà yẹn, ọjọ́ tí mo lọ sọ fún un pé ọjọ́ orí ni, kì í ṣe àrùn, ó ní kí n dúró ná, ó ránṣẹ́ pe orogún rẹ̀, ó ní kí n tún un sọ kí ìyẹn náà gbọ́.